Ṣé lóòótọ́ ni kòkòrò ń bá ọmọ mi pín irin inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ìpẹru ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ọsibítù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n hù ú ní láàbù, wọ́n ní Salmonella, kòkòrò tó lè fa táífọ́ọ̀dì, ló wà níbẹ̀. PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, jẹ́ 25. Mo gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi lọ fún un, dókítà ní kí n ṣì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé irin ló wà nínú rẹ̀, kòkòrò á bá ọmọ pín in. Ìyá ọkọ mi tó wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó ní irọ́ ni, pé ta ló ti rí kòkòrò tó ń jẹ irin, pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ń tán lọ a sì ń wò ó. Ta ló jàre nínú wọn? Bó bá jẹ́ òótọ́, báwo ni kòkòrò ṣe ń rí irin ọ̀hún mú? Ṣé kí n dá ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀ dúró kí ebi lè pa á?"

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ewu. Òótọ́ ni dókítà sọ. Ìyá ọkọ yín náà ò sì jẹ̀bi tán, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ń sọ: ojú ọmọ funfun, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ò pọ́n mọ́, oògùn tí gbogbo ayé ń pè ní oògùn ẹ̀jẹ̀ wà nínú igò, wọ́n wá ní kí wọ́n má fún un. Inú ta ni yóò dùn sí ìyẹn? Kí n tó máa tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí agbára mi mọ. Èmi kì í ṣe dókítà. Inú láàbù ni mo ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ní Ṣàgámù àti ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí mò ń hu kòkòrò nínú àwo, tí mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀. Mi ò rí ọmọ yín, mi ò rí fáìlì rẹ̀. Àlàyé ni mo lè ṣe. Ìtọ́jú, ọwọ́ ẹni tó ń wò ó ló wà.

Orúkọ yẹn, oògùn ẹ̀jẹ̀, ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan nínú igò náà. Irin ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú fítámì díẹ̀ àti ṣúgà tó ń mú kí ọmọdé máa bẹ̀bẹ̀ fún un. Irin Ògún náà ni, irin àdá àti ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ ń rọ, àfi pé ó ti yòrò débi tí ojú ò lè rí i. Gbogbo irin tó wà lára àgbàlagbà kan kò ju gíráàmù 3 sí 4 lọ, bí ìwọ̀n ìṣó kan ṣoṣo. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, níbi tó ti ń di ọ̀síjìn mú kiri ara. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó kù wà nípamọ́ nínú ẹ̀dọ̀, ọlọ inú àti mùdùnmúdùn eegun. Ẹ wò ó bí ilé tí à ń kọ́. Irin ni sìmẹ́ǹtì, ẹ̀jẹ̀ ni ilé. Bí àwọn bíríkìlà bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí àwọn jàǹdùkú sì ń wó ògiri tó ti dúró, ẹ lè já sìmẹ́ǹtì ọkọ̀ mẹ́wàá sílẹ̀, ilé ò ní ga sí i. Bí PCV ọmọ tó ní ibà ṣe ń lọ sílẹ̀ nìyẹn: àìsàn lè máa fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, mùdùnmúdùn tó yẹ kó máa ṣe tuntun ń fà sẹ́yìn, ara fúnra rẹ̀ sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ irin tó ní. Irin lè wà nílé, kó jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló tì í mọ́lé.

Kí ló dé tí ara á fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tó nílò? Nítorí pé kòkòrò náà nílò rẹ̀. Irin mọ iṣẹ́ kan tí ohun mìíràn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, òun ni kó gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ èròjà kan kó sì fi fún òmíràn láìsú. Ìyẹn ni àwa àti bakitéríà fi ń mí, òun náà ni a fi ń ṣe DNA tuntun kí sẹ́ẹ̀lì tó lè pín sí méjì. Kòkòrò tí kò rí irin lè má kú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè bí sí i, kòkòrò tí kò bá sì lè bí sí i, àwọn ọmọ ogun ara á ká a mọ́. Irin tún ní ìwà burúkú kan: tó bá wà lófìfo, tí kò sí ẹni tó dì í mú, ó máa ń dá májèlé tó ń jó sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Ìdí méjì yìí ni ara kì í fi í jẹ́ kí irin sùn síta, àní lọ́jọ́ tí kò sí àìsàn. Àwọn ará Ìbàdàn fẹ́ràn láti máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí kọ́bọ̀ jábọ́ kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n wá wo ara ènìyàn.

Purotéènì tó ń gbé irin kiri nínú omi ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń pè ní transferrin. Ọ̀kadà elérò méjì ni: irin méjì ló lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìjókòó yìí ló máa ń ní èrò, ìyókù ń wá èrò kiri. Irin tó bá já bọ́ sẹ́bàá ọ̀nà, kó tó mí kanlẹ̀ ọ̀kadà ti gbé e. Gbogbo èyí tó wà lórí ọ̀kadà nígbà kan náà lára àgbàlagbà kò ju mílígíráàmù 3 sí 4 lọ, èyí tó sì wà lófìfo kéré débi pé kòkòrò kan ò lè fi í gbé ayé. Àbúrò transferrin wà tó ń jẹ́ lactoferrin, nínú omijé, nínú itọ́, àti nínú ọmú ìyá, pàápàá ọmú àkọ́kọ́ tí àwọn kan ṣì ń fún dànù pé ó dọ̀tí. Ó ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ.

Ti ọjọ́ tí ara dá nìyẹn. Bí kòkòrò bá wọlé, ẹ̀dọ̀ a tú èròjà kékeré kan tó ń jẹ́ hepcidin sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn ilẹ̀ wa mọ̀ pé kí Òyìnbó tó fi ìbọn ṣí ọ̀nà ní Ìmàgbọ̀n ní 1892, àwọn oníbodè Ìjẹ̀bú ló ń pinnu ohun tó máa gba ilẹ̀ wa kọjá láti etí ọ̀sà lọ sókè. Bí wọ́n bá ti bodè, ọjà ò kọjá. Hepcidin ni oníbodè irin. Bodè tó ń tì pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ló kàn wá: ti ìfun tí irin oúnjẹ ń gbà wọlé, àti ti àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ inú ọlọ àti ẹ̀dọ̀, tí wọ́n ń gbé sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti gbó mì, tí wọ́n sì ń dá irin inú rẹ̀ padà sójú ọ̀nà. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 láyé. Irin tí àwọn agbálẹ̀ ń dá padà lójúmọ́ lára àgbàlagbà tó mílígíráàmù 20 sí 25, nígbà tí èyí tó ń ti inú oúnjẹ wọlé ò ju 1 sí 2 lọ. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn, a ó padà sí i. Láàárín wákàtí díẹ̀ tí bodè bá ti tì, irin ojú ọ̀nà a lọ sílẹ̀. Apá kan nínú ohun tí ìyá ọkọ yín ń pè ní ẹ̀jẹ̀ tó ń tán lọ, ogun tí ara mọ̀ọ́mọ̀ ń jà ni. Wọn ò jẹ̀bi pé wọn ò gbọ́ ọ rí. Nǹkan bí 2000 sí 2001 ni ìwádìí nípa hepcidin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Èmi gan-an ò bá a nílé ìwé.

Èyí tí mo bá nílé ìwé ni ti ẹyin. Ní 1944, Schade àti Caroline ní Amẹ́ríkà po funfun ẹyin tútù mọ́ oúnjẹ tí wọ́n fi ń hu kòkòrò ìgbẹ́ ọ̀rìn. Kòkòrò kọ̀, kò hù. Wọ́n fi oríṣiríṣi èròjà kún un, kò hù. Ọjọ́ tí wọ́n fi irin sí i ló gbérí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà wọ́n rí irú agbára kan náà nínú omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ọ̀kadà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ẹyin tó wà lórí àtẹ ní Òkè-Ajé láti àárọ̀ dalẹ́ nínú oòrùn tí kò bàjẹ́, èèpo rẹ̀ ń ṣọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin tí funfun inú rẹ̀ dì mú gírígírí wà lára àwọn ọlọ́dẹ.

Ó wá ku bí olè ṣe ń wọlé. Oríṣiríṣi ọgbọ́n ni wọ́n ní, èyí tó sì yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọ̀n. Kòkòrò tí ebi irin ń pa máa ń ṣe èròjà kan tí kò tóbi rárá, a tú u síta bí apẹja Wátásáìdì ṣe ń ju àwọ̀n sínú ọ̀sà. Siderophore ni wọ́n ń pè é, èdè Gíríìkì tó túmọ̀ sí arù-irin. Èyí tó gbóná jù nínú wọn ni enterobactin, tí E. coli àti Salmonella ń ṣe. Ó ń di irin mú le ju bí transferrin ṣe ń dì í mú lọ, nítorí náà ó lè fa èrò sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Bí àwọ̀n bá ti mú irin, ilẹ̀kùn kan wà lára kòkòrò tó dá àwọ̀n náà mọ̀, a fà á wọlé, wọ́n á sì ya á nínú kí irin lè bọ́. Àwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, owó gọbọi ló sì ń ná kòkòrò láti hun ún, ìdí nìyẹn tí kì í fi í hun ún níbi tí irin bá pọ̀. Àwọn mìíràn tún wà tí kì í hun ohunkóhun, àwọ̀n ẹlòmíràn ni wọ́n ń jí fà. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú rí àwọ̀n, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti hu Pseudomonas rí, kòkòrò tó ń bá ojú ọgbẹ́ iná jà. Àwọ̀n tirẹ̀, pyoverdine, ní àwọ̀ ewé fúnra rẹ̀. Tí a bá gbé àwo rẹ̀ sábẹ́ iná UV nínú yàrá tó ṣókùnkùn, gbogbo rẹ̀ á máa tàn yòò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa pariwo.

Ara kò káwọ́ gbera. Ó ní purotéènì kan, siderocalin, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa gba àwọ̀n lọ́wọ́ apẹja. Ó ń gbé enterobactin mì tirin tirin, kòkòrò á sì máa dúró de àwọ̀n tí kò ní padà wá. Salmonella rí ìyẹn, ó wá ń lẹ ṣúgà mọ́ àwọ̀n tirẹ̀. Àwọ̀n oníṣúgà yìí, salmochelin, kò wọ ọwọ́ siderocalin mọ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé e fún ara wọn láti ayébáyé nìyẹn. Àwa ènìyàn náà ti wọ inú ìjà náà báyìí: ní 2019 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan, cefiderocol, tí wọ́n so mọ́ ohun tó jọ àwọ̀n. Ó ń di irin mú, kòkòrò á rò pé àwọ̀n òun ti kó ẹja, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ikú wọlé. Àwọn kòkòrò burúkú tí oògùn mìíràn ò ràn ní ọsibítù ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má lọ wá a kiri ilé oògùn fún ọmọ yín o, kò kàn án.

Ọgbọ́n kejì kò ní ìtìjú. Kòkòrò àtọ̀sí àti ìbátan rẹ̀ tó ń fa méníńjáítìsì kì í hun àwọ̀n. Ọ̀kadà ni wọ́n ń dá dúró ní gbangba. Wọ́n ní ọwọ́ méjì lára tó ń gbá transferrin mú, wọ́n á gba irin orí rẹ̀, wọ́n á ní kí ọ̀kadà máa lọ lófìfo. Ti ènìyàn nìkan ni ọwọ́ náà mọ̀. Wọn ò dá ti màlúù dúró, wọn ò dá ti ẹlẹ́dẹ̀ dúró, ó sì wà lára ohun tó fà á tí àtọ̀sí fi jẹ́ àrùn ọmọ ènìyàn nìkan. Ní 1998 ni ìròyìn ìwádìí kan jáde, níbi tí àwọn ọkùnrin kan ti yọ̀ǹda ara wọn kí wọ́n fi àtọ̀sí dán wọn wò. Àtọ̀sí tí wọ́n ti gé ọwọ́ yìí kúrò lára rẹ̀ kò lè ràn wọ́n. Irin ni, kì í ṣe ohun mìíràn.

Ọgbọ́n kẹta ni ti ọlọ́ṣà tó ń fọ́ ilé. Irin tó pọ̀ jù wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, kí ló dé tí èèyàn ò fi ní fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa? Staphylococcus aureus tó ń fa eéwo ń ṣe é, Streptococcus tó ń bá ọ̀nà ọ̀fun jà ń ṣe é. Ní láàbù, a máa ń po ẹ̀jẹ̀ àgùntàn mọ́ oúnjẹ wọn nínú àwo. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ó rí òrùka tó mọ́ gaara yí kòkòrò ká nínú àwo pupa, níbi tó ti fọ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí rẹ̀. Staphylococcus aureus ní ìkọ́ tó ń fi gbá hẹmọglóbìn, purotéènì onírin inú sẹ́ẹ̀lì pupa, mú nígbà tó bá tú jáde. Á yọ hímù tó gbé irin, á fà á wọlé, á fọ́ ọ, á mú irin rẹ̀. Haemophilus influenzae tiẹ̀ ya ọ̀lẹ jù: kò lè ṣe hímù tirẹ̀ rárá, àfi ká se ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lórí iná kí sẹ́ẹ̀lì fọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ̀jẹ̀ tí a sè yẹn máa ń rí bíi ṣokoléètì, orúkọ tí a sì ń pe àwo náà nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n máa fún òun níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ti ọmọ yín. Salmonella jẹ́ kòkòrò tó ṣòro láti fi ebi pa, nítorí ibi tó ń sùn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ tí mo sọ, tí hepcidin ń ti irin mọ́ nínú, inú wọn gan-an ni Salmonella ti ń kọ́ ilé. Ẹ rí i pé bodè tó ràn wá lọ́wọ́ lójú ọ̀nà lè kó olè àti ẹrù sínú yàrá kan náà. Ara mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ní ohun tó ń fa irin jáde kúrò nínú àpò tí wọ́n gbé kòkòrò mì sí, wọ́n sì lè máa ti irin síta lọ́nà mìíràn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìjà irin jẹ́ ohun tó rọrùn, kò tíì rí Salmonella. Ohun mìíràn tó kàn wá nílẹ̀ yìí ni ibà ẹ̀fọn. Nígbà tí ibà bá ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa yàà, àwọn agbálẹ̀ á kún fún àfọ́kù, ọwọ́ wọn á dẹ̀, Salmonella oríṣi mìíràn a sì máa rí àyè wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n yẹ ibà wò pẹ̀lú. Inú mi dùn pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n hù fún ọmọ yín. Ọ̀pọ̀ tó ń pariwo táífọ́ọ̀dì láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde, Widal, àyẹ̀wò tó ń wá àmì táífọ́ọ̀dì nínú ẹ̀jẹ̀ láìhu kòkòrò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, Widal ẹ̀ẹ̀kan sì lè jẹ́ ìròyìn àrùn tó ti lọ tipẹ́.

Mo sọ pé gbogbo kòkòrò ló ń wá irin, mo ní láti yọ ẹnì kan sílẹ̀. Borrelia tó ń fa àrùn Lyme, tí eégbọn ń gbé kiri ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, kò nílò irin. Mangáníìsì ló fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ ti bodè irin títí di ọ̀la, kò ní mọ̀.

Ǹjẹ́ fífún aláìsàn ní irin tiẹ̀ ti ṣe jàǹbá rí lójú ẹni, àbí inú àwo láàbù nìkan ló wà? Ó ti ṣe é rí. Ní 1978 ìròyìn jáde nípa àwọn darandaran 137 ní Somalia tí irin wọn ò tó. Wọ́n fún 71 ní irin, wọ́n fún 66 ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Àìsàn kòkòrò ìgbà 36 yọ láàárín àwọn tó gba irin, 7 péré láàárín àwọn yòókù. Ní erékùṣù Pemba, ní Tanzania, ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2006 ń fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ní irin àti folic acid lójoojúmọ́, níbi tí ibà ti pọ̀. Wọ́n ní láti tètè dá a dúró nítorí pé àwọn tó gba irin ń dé ọsibítù, wọ́n sì ń kú, ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ẹ má sì dúró síbẹ̀ o: láàárín àwọn ọmọ Pemba kan tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò dáadáa tí wọ́n sì tètè ń tọ́jú ibà wọn, àwọn tí irin wọn kéré lóòótọ́ jàǹfààní rẹ̀. Èyí tó ba ọkàn mi jẹ́ jù ni ti onímọ̀ kan ní yunifásítì ní Chicago ní 2009. Kòkòrò àjàkálẹ̀ àrùn plague tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára nípa gbígba àwọ̀n irin lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń fi ṣiṣẹ́. Kòkòrò yẹn kò yẹ kó pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ara ọkùnrin náà ní àrùn àjogúnbá tó ń mú kí irin kún àkúnwọ́sílẹ̀, òun ò sì mọ̀. Kòkòrò aláìláwọ̀n bọ́ sínú odò tí ẹja kún, ó pa á. Ẹ̀yin òbí ọmọ SS tó ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, nítorí àpò ẹ̀jẹ̀ kan ń gbé irin bíi mílígíráàmù 200 sí 250 wọlé, ara ò sì ní ọ̀nà tó ń gbà dà á nù. Ẹ má fún wọn ní oògùn irin láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Nísinsìnyí, kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ má dá ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀ dúró. Ẹ rántí iye tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn: mílígíráàmù 1 sí 2 ni oúnjẹ ń mú wọlé lójúmọ́ fún àgbàlagbà, ti ọmọ kékeré ò tó bẹ́ẹ̀. Ebi irú ìyẹn ò lè pa Salmonella tó ń sùn nínú ilé ìṣúra, ọmọ yín ni ebi á pa. Tó bá lè jẹ ìkọ́kọrẹ́ tó lẹ́ja dáadáa, ẹ sè é fún un. Ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ dára, ó ń ran irin inú ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ láti wọlé. Tíì ló ń dí i lọ́nà. Oògùn irin yàtọ̀ sí oúnjẹ pátápátá. Tábúlẹ́ẹ̀tì ferrous sulphate 200 tí àgbàlagbà ń lò ní irin bíi mílígíráàmù 65 nínú, ẹ fi í wé 3 sí 4 tó wà lórí gbogbo ọ̀kadà. Bí ara ọmọ ṣì ń gbóná, bodè ìfun ti tì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò tiẹ̀ ní wọ ẹ̀jẹ̀. Inú ìfun ló máa dúró sí, àwọn tó sì wà níbẹ̀ á jẹ ẹ́: ní Kenya, ìwádìí kan tó jáde ní 2015 fi hàn pé ìyẹ̀fun oníirin tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ àwọn ọmọ ọwọ́ mú kí kòkòrò burúkú pọ̀ sí i nínú ìfun wọn. Ìdí tí mo fi gbè sẹ́yìn dókítà yín nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò sọ pé ṣíbí kan tí ọmọ bá ti mu yóò pa á. Bí ẹ bá ti fún un kí wọ́n tó sọ fún yín, ẹ fọkàn balẹ̀.

Oògùn apakòkòrò ni kó parí, kó má ṣẹ́ ẹ kù nítorí pé ibà ti lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún PCV wò. Ní ọ̀pọ̀ ọmọ, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè fúnra rẹ̀ nígbà tí bodè bá ṣí. Bó bá jókòó síbi tó wà, ó di ìgbà tí a ń wá ìdí: aràn inú, ibà tó ń padà wá, jẹ́nótáìpù tí a kò tíì yẹ̀ wò, tàbí irin tó kéré ní tòótọ́. Tó bá jẹ́ ìgbẹ̀yìn yìí, irin ni oògùn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi dẹ́rù bà yín. Àyẹ̀wò ferritin, tó ń fi irin tó wà nípamọ́ nínú ara hàn, lè ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń lọ sókè lásán nígbà àìsàn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é kí ara ọmọ tó balẹ̀. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ó ń mí gúlegúle, tí kò lè jókòó, tàbí tí ojú rẹ̀ funfun bí òwú, ẹ má dúró de èsì kankan, ọsibítù ni. Ẹ̀yin aboyún tó ń ka èyí, ẹ má da oògùn irin tí wọ́n fún yín ní kíníìkì nù. Mílígíráàmù 30 sí 60 lójúmọ́ ni àjọ ìlera àgbáyé ní kí aboyún máa lò, pẹ̀lú folic acid, ìdènà ibà sì ń bá a rìn.

Ẹ sọ fún màmá ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé kòkòrò ò ní eyín tó fi ń jẹ irin, àwọ̀n ló ní, àti pé ọmọ-ọmọ wọn á mu oògùn yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ó yá. Títí di ìgbà náà, igò ọ̀hún kò gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì. Ó dùn, ọmọ ọdún mẹ́fà sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìdérí. Bí ọmọdé bá dà á mu bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, irin púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè bó ìfun rẹ̀, kó ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì lè pa á. Ẹ gbé e sókè àpótí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ kí ẹ tó tún ṣí i.